Fèrè Tó Dákẹ́ Lójú Ààrá

Kí ló dé tí fèrè kò fi dún?

Ìbéèrè yìí kúrú, ọmọ ọdún méje lè bi í, síbẹ̀ odindi ilé iṣẹ́ ìfọ́kùúta kan kò rí ẹni tí yóò dá a lóhùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ìyá arúgbó kan ló ń bi í. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti dúró sí àárín orí, yóò dé ẹnu géètì, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá irin mú, yóò sì bi ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé tàbí tó ń jáde: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí fèrè kò fi dún?" Àwọn kan á dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n á sì sáré kọjá. Àwọn kan á ní kí ó ṣe sùúrù, pé ìwádìí ń lọ. Aṣọ́nà gbé àga fún un, ó bu omi fún un; èsì nìkan ni kò rí bù.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ohun tó pa ènìyàn. Èkejì ni ohun tí kò jẹ́ kó sá. Ààrá ló pa ọmọ ìyá arúgbó yìí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààrá kì í sábà yọ́ wọlé bí olè. Ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Obìnrin kan sì wà ní ibi ìfọ́kùúta náà tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ kò ju kí ó gba iṣẹ́ tí ààrá bá rán, kí ó sì jẹ́ ẹ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Onífèrè ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó ti wá èsì náà lọ.

*

Yàrá onígíláàsì kékeré kan ni wọ́n kọ́ fún un sí etí ọ̀gbun, níbi tí ojú ti ń rí gbogbo àpáta bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tábìlì kan, àga kan, bọ́tìnì pupa kan tó tóbi tó ìdérí ife, àti rédíò àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ orin rí. Wọ́n ti yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan. Bí mànàmáná bá ń kọ ní ọ̀nà jíjìn, nígbà tí etí kò tíì gbọ́ ohunkóhun, rédíò náà á máa ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ nínú iná.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Òun ni olórí àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, wọ́n sì ń pè é ní Ẹlẹ́tù.

"Ìyàwó," ó sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "má fi ojú òjò wo ààrá. Òjò lè wà lókè ọ̀hún kí ààrá sì bọ́ síhìn-ín nínú oòrùn. Bí mànàmáná bá ti kọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ààrá bá sán kí o tó ka ọgbọ̀n, ó ti rí wa nìyẹn. Tẹ bọ́tìnì. Má bi mí, má bi máníjà."

"Bí mo bá wá ṣì í tẹ̀ ńkọ́, bọ̀ọ̀dá?"

"Kí a sá lásán nígbà ọgọ́rùn-ún sàn ju kí a dúró lásán lẹ́ẹ̀kan."

Bí fèrè bá dún, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, kí wọ́n ti gíláàsì, kí wọ́n kó ọwọ́ lé itan, kí wọ́n má fi ara kan irin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá ibòji lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà lẹ́bàá ọ̀gbun. Wọn kò sì gbọdọ̀ jáde títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn. Ìdí òfin yìí ṣe kedere. Àpò Ẹlẹ́tù nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tan ẹ̀tù máa ń wà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀tù bá ti wà nínú ihò tí wọ́n lu sára àpáta, tí wáyà sì ti so mọ́ ọn, ààrá kì í tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ọlọ́gbọ́n ni Ẹlẹ́tù nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Onífèrè kò jiyàn èyí rí. Ohun tó ń jẹ ọkàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì tí Ẹlẹ́tù kọ sínú ìwé ìwádìí ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí ihò kan kọ̀ tí kò bú, tí ọkọ rẹ̀ padà lọ wò ó kí àkókò tó pé, tí ihò náà sì bú lójú rẹ̀. "Ó ṣàìgbọràn." Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kó jókòó, yóò kọ́kọ́ bèèrè apá ibi tó yẹ kí òun kọjú sí. Ẹnì kan ló ní kó padà lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti kúnlẹ̀ bẹ Ẹlẹ́tù. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Òkú ni, kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀."

"Ohun tí mo kọ ni mo kọ," ni Ẹlẹ́tù fi dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ló lọ bẹ máníjà pé kí wọ́n fún opó náà níṣẹ́ fèrè. Gbogbo ènìyàn ní ó ṣeun. Onífèrè náà ní ó ṣeun, ó sì gba iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ pa ejò kì í lọ kọ́lé sí òdìkejì odò.

*

Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kan ni Onígò, obìnrin olóògùn kan, ń gbé. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àárín aṣọ tútù tí wọ́n sá kọjá. Kí Onífèrè tó kan ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ti rin bí ẹni tó la odò já. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n inú yàrá náà ṣú. Ìgò ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà: ìgò oògùn ikọ́, ìgò lọ́fínńdà, ìgò tí ẹnu rẹ̀ ti ṣá. Obìnrin tó jókòó láàárín wọn kò tíì tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó wọ awò ojú, ó ń jẹ bisikíìtì.

"O pẹ́," ó wí.

"Mi ò sọ fún yín pé mò ń bọ̀, mà."

"Mo mọ̀. O pẹ́ náà ni. Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi."

"Ó gba ilé lọ́wọ́ rẹ?"

"Rárá."

"Ó nà ọ́?"

"Rárá, mà. Ó ba òkú ọkọ mi lórúkọ jẹ́."

Onígò gbé bisikíìtì sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Ìyẹn ju ilé lọ. Kí lo fẹ́ kó pa á?" Ó bèèrè rẹ̀ bí aránṣọ tó ń bèèrè bí oníbàárà ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ rí.

"Ààrá."

Ìgò kan dún lórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án. Obìnrin náà kò wo apá ibẹ̀. "Ààrá kì í ṣe ajá tí à ń dẹ sí ènìyàn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Àlejò ni. A kì í rán àlejò níṣẹ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a ṣílẹ̀kùn fún un."

Onífèrè mú awọ tó yí inú akoto iṣẹ́ Ẹlẹ́tù ká jáde nínú àpò, èyí tó ti gé lọ́sàn-án àná nígbà tí onítọ̀hún ń wẹ ọwọ́. Òógùn ọdún pípẹ́ ti sọ ọ́ di dúdú. Onígò ká a sínú ìgò kékeré kan, ó da omi kan lé e tí kò ní òórùn, ó sì na ìgò náà sí i. "Pe orúkọ rẹ̀ sí i."

Onífèrè fi ẹnu kan ẹnu ìgò, ó sì pe orúkọ náà. Èémí rẹ̀ bo inú gíláàsì bí ìkùukùu. Ó dúró kí ìkùukùu náà lọ, kò lọ.

"Gbé e sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń gbé lójoojúmọ́," ni Onígò wí. "Èèwọ̀ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, ẹnu rẹ ò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ tó lè ké, má jẹ́ kó ké. Ẹni tó bá kéde àlejò ti lé e padà."

Òtútù mú Onífèrè. Kò tíì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún obìnrin yìí. "Àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ ńkọ́, mà?"

Onígò ti tún gbé bisikíìtì rẹ̀. "Ìwọ lo mọ ilé tó o ní kí àlejò wọ̀."

*

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, rédíò ta pàrà lábẹ́ oòrùn tó mọ́ kedere. Kò sí ẹ̀tù nínú ihò kankan lọ́jọ́ náà. Onífèrè rán ara rẹ̀ létí èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ka méjìdínlógún kí ààrá tó sán. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn. Lábẹ́ tábìlì, ìgò náà gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ funfun kan bọ́ lu igi etí ọ̀gbun, ó là á láti orí dé gbòǹgbò bí ẹni la igi ìdáná. Ara igi yẹn ni Ẹlẹ́tù máa ń fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó ti wá mú un kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ẹlẹ́tù gun òkè wá. Ó wo bọ́tìnì, ó wo obìnrin náà, ó wo ilẹ̀.

"Rédíò ò sọ nǹkan kan?"

"Kò sọ nǹkan kan, bọ̀ọ̀dá. Ó kàn já lu igi ni."

"Hùn-ún." Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó fi inú rẹ̀ hàn án. "Ẹnì kan gé awọ inú akoto mi."

"Eku ni."

"Eku tó mọ àlùmọ́gàjí í lò." Ó dé akoto náà padà. "Ìyàwó, kí wọ́n tó bí ọkọ rẹ ni mo ti ń fi iná ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná lé mi, kó kọ́kọ́ wo ìpàkọ́ ara rẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Onífèrè bá òkúta mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà yàrá onígíláàsì, òwú dúdú ló so wọ́n pọ̀, ọwọ́ aago kan sì wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ àmì yẹn. Àmì Aláago ni, bàbá arúgbó kan tó ń tún aago ṣe, tí ogójì aago ń ṣiṣẹ́ lára ògiri rẹ̀ láìsí méjì tó bára wọn mu. Wọ́n ní ó lè di ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀ tí ìjì kò ní lè mì ín. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti Onígò, wọ́n sì kórìíra ara wọn bí ológbò méjì nínú àpò kan.

Onífèrè fi ìgbálẹ̀ gbá òkúta náà sínú ọ̀gbun. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ohùn rẹ̀ ti lọ. Ó lanu, kò sóhun tó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Nínú títa pàrà-pàrà rẹ̀, ohun kan ń dún: kó, kó, yóò dúró díẹ̀, kó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ rẹ̀ máa ń kanlẹ̀kùn nígbà tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Ó pa rédíò náà. Síbẹ̀, rédíò náà ń kanlẹ̀kùn lọ.

Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Onígò wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí dókítà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti lọ bá aṣiwèrè aláago yẹn! Ó sì dí ọ lẹ́nu? Wo bàbá àgbàyà. Ó rò pé òun ń bá mi jà, kò mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni òun ń bá mi ṣe. Ta ló sọ fún un pé ẹnu rẹ ni mo nílò?"

Ó fún un ní omi kan mu. Omi náà korò, ó sì tutù. Kí ó tó dé òpin òpópónà, ohùn rẹ̀ ti padà, ṣùgbọ́n kò dún bí ohùn rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

*

Nínú yàrá ìjẹun, tábìlì gígùn kan ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń jókòó yí ká. Ẹlẹ́rìn-ín ni alápárá ibẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára àpáta, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tí ìyá rẹ̀ sì ṣì ń di oúnjẹ fún un bí ọmọ ilé ìwé.

"Ìyàwó wa, o ti rí ohùn rẹ?" ó kígbe. "A ti rò pé o tà á ni!"

"Ohùn rẹ̀ wà níbi tó fi í pamọ́ sí," ni Ẹlẹ́tù wí láìgbé ojú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá," Onífèrè dáhùn, "ikùn yín ń tóbi sí i. Ṣé oúnjẹ ni, àbí ẹ di nǹkan mọ́ra?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́tù fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì awọ kan tó ki ti wú lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Ohun tí mo dì, ẹni tó bá lè tú u, kó gba ojú ọ̀run wá."

"Ẹ rọra o!" ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Bí ẹ ṣe ń pe ààrá yìí, ó lè rò pé ẹ ń pè é wá jẹun. Oògùn tèmi ò ṣòro: ọkọ̀ onírin, gíláàsì títì, ọwọ́ lórí itan. Kò sì ní èèwọ̀, àyàfi pé inú rẹ̀ ń gbóná."

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa. Ọkọ rẹ kò ṣàìgbọràn lọ́jọ́ kan. Gbogbo wa la mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ nígbà náà?"

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú. Ó mú akoto rẹ̀, ó lọ.

*

Ihò márùn-ún ni wọ́n ti ki ẹ̀tù sí lọ́jọ́ náà. Aago méjì ọ̀sán kò tíì lù tí ojú ọ̀run fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹ̀yìn òkè, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọgbẹ́. Rédíò ta pàrà.

Mànàmáná kọ. Onífèrè ka ogójì kí ó tó gbọ́ ohun kan tó ń yí bí àgbá òfìfo. Ó kọ lẹ́ẹ̀kejì: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó kọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Méjìlélógún.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì. Ìgò gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin méje ń wo òkè, wọ́n ń wo yàrá onígíláàsì, wọ́n ń dúró de fèrè. Òfin mìíràn wà tí kò jẹ́ kí wọ́n tètè sá: láìjẹ́ pé fèrè dún, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fi ihò tó ní ẹ̀tù sílẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Níkẹyìn, Ẹlẹ́rìn-ín ló ju ẹ̀rọ sílẹ̀ tó sì ń ju ọwọ́ sí wọn. Mẹ́fà nínú wọn sáré wọ inú ọkọ̀, òun náà wà lára wọn. Gíláàsì gbéra sókè.

Ẹlẹ́tù kò sáré. Ó dúró sáàárín ihò márùn-ún náà bí òpó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí rẹ̀ mú, ó sì gbójú sókè wo yàrá onígíláàsì. Ojú àwọn méjèèjì pàdé. Òótọ́ ni, àyà Onífèrè kún fún ayọ̀ burúkú. Àwọn yòókù ti wà lábẹ́ irin. Ẹnì kan ṣoṣo ni àlejò yóò bá nílé.

Irun apá rẹ̀ dìde. Rédíò dákẹ́ lójijì, ìdákẹ́ tó ju kí a pa á lọ. Láàárín ìdákẹ́ náà ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí.

Ẹlẹ́rìn-ín ló jáde. Ó tẹ̀ ba, ó ń sáré bọ̀ wá síbi tí Ẹlẹ́tù wà, ó ń pariwo ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá a lápá mú, ó ń fà á. Ẹlẹ́tù kò mì.

Ìka kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà kù sí. Bí ènìyàn bá gbọ́ fèrè yẹn lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti fi kọ́ ẹsẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo di funfun.

Fèrè kò dún.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbà kí Onífèrè wọlé bá Ẹlẹ́tù nílé ìwòsàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ orúnkún, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́. Onífèrè ní láti tẹ̀ ba kó tó lè bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ àṣírí.

"O wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ni Ẹlẹ́tù wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sá? Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo ayé láti sá."

"Aláago ní bẹ́líìtì náà kò gbọdọ̀ sá fún ààrá. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá sá, lọ́jọ́ náà ni agbára rẹ̀ kú. Mo mọ̀ pé ẹ̀tù wà lábẹ́ mi, mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi." Ó di ojú. "Mo ń retí fèrè. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí fèrè bá dún, màá gbà pé kò sóhun tó ń lé mi, màá sá bí gbogbo ènìyàn. Kò dún. Mo wá mọ̀ pé ogun ni. A kì í sá lójú ogun."

Oògùn kan di ọwọ́ mú, èkejì di ẹsẹ̀ mú. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló lágbára? Bóyá kò sí èyí tó nílò agbára kankan.

"Gbọ́," Ẹlẹ́tù tún wí, ohùn rẹ̀ sì le bí ti àtijọ́. "Wáyà fèrè ti jó. Àwọn oníná rí i. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ó jó kí ààrá tó bọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Sọ pé o tẹ̀ ẹ́. Èmi ò ní sọ nǹkan kan nípa awọ akoto, ìwọ náà ò ní sọ nǹkan kan nípa bẹ́líìtì. Máníjà ti kọ ìwé náà, èmi ni yóò buwọ́ lù ú."

"Kí ni wọ́n kọ nípa ikú Ẹlẹ́rìn-ín?"

Ó fi àgbọ̀n júwe tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Onífèrè mú ìwé náà, ó kà á. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, láìsí àṣìṣe kan: ààrá ti ba fèrè jẹ́, òṣìṣẹ́ náà ti wà nínú ọkọ̀, ní ibi ààbò, ó jáde kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ó ṣàìgbọràn.

"Bọ̀ọ̀dá," ó wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí ọkọ mi padà lọ wo ihò yẹn, àbí?"

"Ìyẹn kọ́ là ń sọ."

"Òun ni mò ń bi yín."

Ẹlẹ́tù yí ojú sí ògiri. "Ohun tí mo kọ ni mo kọ. Tìẹ ni kí o wò. Bí o bá lanu, ẹ̀wọ̀n ni."

Onífèrè gbé ìwé náà sílẹ̀ ní ibi tó ti mú un. Ó fẹ́ kórìíra rẹ̀ bí ó ṣe kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìkórìíra kò rí ibi dúró sí nínú rẹ̀ mọ́: ní gbogbo ibi tó bá wò, ara rẹ̀ ló ń rí níbẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí, wọ́n jọ di gègé ìkọ̀wé kan náà mú.

*

Oòrùn wà láàárín orí nígbà tí Onífèrè dé géètì. Ìyá arúgbó náà ti wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ọ̀pá irin. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde lọ jẹun, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú orí títẹ̀. Máníjà wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi," ìyá náà wí fún Onífèrè bó ṣe ń wí fún gbogbo ènìyàn, "ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin mi sọ pé ẹ ní fèrè kan tí kì í tàsé. Ó ní bí òun bá wà níbi iṣẹ́ kí n má bẹ̀rù ààrá mọ́. Kí ló dé tí kò fi dún?"

"Ìyàwó wa, máa lọ," máníjà kígbe. "Ìyá, a ti sọ fún yín, wáyà ló jó."

Onífèrè kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń kọjá dúró.

"Wáyà kọ́, Ìyá. Mo gbọ́ ọ nínú rédíò. Mo kà á, ó jẹ́ méjìlélógún. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì nígbà tí ọmọ yín jáde nínú ọkọ̀, mo rí i tó ń sáré, mo rí i tó ń fa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lápá. Àyè wà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí ààrá pa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo sì fẹ́ ẹ ju kí ọmọ yín wà láàyè lọ. Ìdí tí fèrè kò fi dún nìyẹn."